Aṣọ Atukọ̀ Lọ́rùn Ọmọ Tí Kò Rí Òkun Rí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló sọ fún yín pé ọmọ tó bá wọ aṣọ atukọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀? Ẹ má wo ara yín lójú, ẹ̀yin ni mò ń bi. Bí ọdún bá ti dé, ìbáà ṣe ìtúnu àwẹ̀, ìbáà ṣe Iléyá, ilẹ̀kùn ilé mi ní Adéwọlé, Ìlọrin níbí, kì í sinmi. Ẹ ó kó ọmọ wá kí mi. Ẹ ṣeun, Ọlọ́hun yóò jẹ́ ká tún ṣe èyí tó ń bọ̀. Ọkùnrin inú wọn á wọ ẹ̀wù funfun tó ní kọ́là fífẹ̀ tó já sẹ́yìn. Obìnrin inú wọn á wọ irú rẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́po, ìlà funfun mẹ́ta á yí etí kọ́là búlúù po, fìlà pẹlẹbẹ á jókòó lórí. Wọ́n á wuni í wò. Ṣùgbọ́n kí n tó ní kí wọ́n wá jẹ ẹran, ìyá wọn á ti figbe ta: "Má jókòó síbẹ̀! Má fọwọ́ kan ọbẹ̀ yẹn! A ò tíì ya fọ́tò!" Ọmọ á wá dúró gbagidi láàárín pálọ̀ bí ère òkúta, ojú á máa pọ́n ọn, ẹnu á máa dá itọ́.

Ṣé aṣọ náà ni mò ń bú? Rárá o. Èmi tí mo ti fọwọ́ ara mi gé e láìmọye ìgbà, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bàìbàì, ṣé èmi ni n óò wá bú u? Ẹ tú álíbọ́ọ̀mù àwọn òbí yín wò. Ẹ ó bá ọmọ kan níbẹ̀ tó wọ̀ ọ́, tó dúró ti kéèkì ọjọ́ ìbí, tàbí tó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú lọ́jọ́ ọdún. Ẹlòmíràn nínú yín ni ọmọ náà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ mi ló rán an, ẹ kàn ti gbàgbé ni, torí pé ẹ ti di dókítà, ẹ ti di lọ́yà, ẹ ò sì rántí ẹni tó ń pariwo mọ́ yín pé kí ẹ dúró jẹ́ẹ́ kí n wọn èjìká yín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ kò bèèrè ibi tí nǹkan ti wá kí ẹ tó gbé e wọ ọmọ. Aṣọ iṣẹ́ ni aṣọ yìí. Aṣọ ẹni tó ń fa okùn ni, tó ń gun òpó ìgbòkun, tó ń fi omi fọ pákó ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù. Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ kí atukọ̀ lè ká a dé orúnkún bó bá ń fọ ilẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ tú ní abíyá kí apá lè na dé ibi tó bá wù ú. Orí ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́, kò ní bọ́tìnì rẹpẹtẹ níwájú. Aṣọ dúdú tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn, òógùn ni wọ́n ń fi í nù. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ìlà mẹ́ta etí kọ́là dúró fún ogun mẹ́ta tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́, àti pé aṣọ dúdú ọrùn, ọ̀fọ̀ ikú rẹ̀ ní ọdún 1805 ni. Àwọn tó ń kọ ìtàn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń so aṣọ dúdú mọ́ ọrùn kí ọkùnrin náà tó kú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìtàn tó bá dùn, èèyàn kì í fẹ́ gbé e jù nù.

Fún ìgbà pípẹ́, atukọ̀ lásán kò ní aṣọ kan pàtó. Ohun tí wọ́n bá rí rà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀, tàbí kí wọ́n ra aṣọ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán an. Wọ́n sì mọ ìránṣọ o! Ìgbòkun tó bá ya láàárín òkun, ta ni yóò lọ pe télọ̀ wá? Ọdún 1857 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin lélẹ̀ pé irú aṣọ báyìí ni gbogbo àwọn atukọ̀ ogun yóò máa wọ̀. Búlúù tó ṣú dẹ̀dẹ̀ yẹn náà, aró ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ láyé ọjọ́un, irú èyí tí ìyá àwọn ìyá wa ń fi ẹlú ṣe nínú ìkòkò. Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n ti mọ búlúù.

Báwo ló ṣe wá dé ọrùn ọmọdé? Ẹ sún mọ́ mi, ibi tó dùn nìyí. Àwa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù kò rò ó débẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ àgbà ni wọ́n ń gé kékeré fún ọmọ, tí ọmọ á há sínú rẹ̀ tí kò ní lè mí. Ó wá di ọdún 1846. Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tiwọn lọ ṣe fàájì, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Victoria and Albert. Ọmọ wọn ọkùnrin, Albert Edward, kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí télọ̀ inú ọkọ̀ rán aṣọ fún un, irú ti àwọn atukọ̀ gan-an, kí ó kàn kéré ni. Ọmọ náà jáde sórí ọkọ̀, àwọn atukọ̀ kóra jọ wò ó, wọ́n hó yèè. Ìyá rẹ̀ pe Winterhalter, ayàwòrán ńlá ìgbà náà, ó ya ọmọ náà pẹ̀lú aṣọ ọ̀hún. Wọ́n ṣì tọ́jú aṣọ kékeré náà sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi ní Greenwich títí di òní.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Ọmọ ọba ló yá aṣọ lára òṣìṣẹ́. Àwọn ìyá tó rí àwòrán náà wá ń wí pé bó bá dára fún ọmọ ọba, yóò dára fún tàwọn náà. Ohun tó sì jẹ́ kó pẹ́ lára àwọn ọmọ ni pé ọmọ lè sáré nínú rẹ̀, ó lè gun igi, ó lè ṣubú, wọ́n á sì fọ̀ ọ́, yóò mọ́. Ẹ̀wù òkè kan náà ni tọkùnrin tobìnrin ń wọ̀; síkẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò ló yà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́, ó fún àbúrò, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan.

Nítorí pé mo ti dárúkọ Victoria, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Forbes mú ọmọbìnrin Yorùbá kan lọ bá ọbabìnrin yìí. Àìná ni ọmọ náà, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, tí àwọn ará Dàhọ̀mì kó lẹ́rú. Gezo ọba Dàhọ̀mì ló fi í ta Forbes lọ́rẹ. Bonetta ni ọkọ̀ tó gbé e lọ ń jẹ́, ìyẹn ló fi di Sarah Forbes Bonetta. Ọjọ́ orí òun àti ọmọ ọba tó wọ aṣọ atukọ̀ yẹn kò jìnnà síra. Nígbà tó dàgbà, ní ọdún 1862, wọ́n fi í fún J. P. L. Davies láya ní Brighton. Davies yìí, ọmọ Yorùbá ni, Sàró ni wọ́n bí i sí, ó sì ti bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọkọ̀ Bloodhound ló wà ní ìparí ọdún 1851 nígbà tí wọ́n ń rọ̀jò ìbọn lu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́, kí wọ́n lè dá Akítóyè padà sórí oyè. Ó tilẹ̀ fara gbọgbẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, aṣọ tí ẹ̀ ń pè ní aṣọ ọmọ yìí, àwọn tó wọ irú rẹ̀ ló jó Èkó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn náà ló sì gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ní ọdún 1822. Myrmidon ni ọkọ̀ ogun tó lé ọkọ̀ ẹrú náà bá. Ẹ kò lè mú ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ jókòó ka gbogbo èyí fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta lọ́jọ́ ọdún o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ rà á, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin kan á sì wí pé, "Àǹtí, kí ló kan Ìlọrin? Ìlọrin ò lókun." Ìlọrin ò lókun lóòótọ́, Odò Àsà ni Ọlọ́hun fún wa, ṣùgbọ́n Odò Ọya ń bẹ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1857 kan náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn atukọ̀ rẹ̀ láṣọ, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Dayspring gba Odò Ọya gòkè wá, ó forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì rì. Dókítà Baikie, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi, ni olórí wọn. Crowther tí atukọ̀ gbà sílẹ̀ lọ́mọdé wà lára àwọn tó bá ìrìn àjò náà lọ. Ọ̀gá kan nínú wọn, Glover, gba orí ilẹ̀ láti ìhà ibẹ̀ títí dé Èkó. Òun náà ló padà wá di olórí ìjọba Èkó, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Glover Hall. Ẹ ò wá rí i pé atukọ̀ ti dé agbègbè wa kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé kan sí Adéwọlé. Àwọn atukọ̀ tiwa náà kò sì kéré. Ẹni tó bá ti wo eré ọkọ̀ àjẹ̀ ní Pàtígì rí mọ̀ pé àwọn Núpé kò nílò kọ́là kankan kí wọ́n tó mọ ọkọ̀ wà.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni aṣọ náà ti tàn ká. Àwọn ará Jámánì gbà á, wọ́n fi orúkọ Kiel, ìlú ọkọ̀ ogun wọn, pè é. Ọba Rọ́ṣíà fi wọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Japan, láàárín ọdún 1920 sí 1921, àwọn ilé ìwé ọmọbìnrin ní Kyoto àti Fukuoka sọ ọ́ di aṣọ ilé ìwé, kí àwọn ọmọ lè rìn fàlàlà, kí wọ́n lè ṣe eré ìdárayá. Títí dòní, ọmọ ilé ìwé wọn ṣì ń wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1934, pẹ́pẹ́yẹ inú fíìmù tó ń jẹ́ Donald Duck wọ̀ ọ́ láìwọ ṣòkòtò, àwọn ọmọ yín sì ń wò ó, kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn pé kó má jókòó.

Fíìmù tó mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ aṣọ yìí dáadáa ni The Sound of Music, èyí tó jáde lọ́dún 1965, tí tẹlifíṣàn kì í jẹ́ ká gbádùn ọdún láìfi hàn wá. Ẹ rántí bàbá inú rẹ̀, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó fẹ̀yìn tì. Ó to àwọn ọmọ méje sílà pẹ̀lú aṣọ atukọ̀, ó ń fi fèrè pè wọ́n, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa mira. Olùtọ́jú tuntun dé, ó wò ó pé àwọn ọmọ yìí ò ní aṣọ eré, ló bá fi aṣọ fèrèsé rán tuntun fún wọn. Ẹ̀rín a máa pa mí bí mo bá dé ibẹ̀. Aṣọ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ọmọ lè sáré, bàbá náà ti sọ ọ́ di aṣọ ìdúró gbagidi, títí ẹlòmíràn fi ní láti já aṣọ fèrèsé kí àwọn ọmọ tó lè gun igi. Ẹ̀yin gan-an ni bàbá yẹn. Fóònù ni fèrè tiyín.

Ẹ má sọ pé mo ń bú àwọn ọmọ ogun ojú omi tiwa. Àtọdún 1956 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí a di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọbabìnrin mọ́ lọ́dún 1963, wọ́n yọ orúkọ ọba kúrò lára rẹ̀. Ọdún 1964 ni Joseph Wey di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí wọn. Ìlọrin níbí, tí kò lókun, bí Mohammed Alabi Lawal, tó di ọ̀gá àgbà nínú wọn. Ó ṣe gómìnà Ògùn láyé ológun, láti 1987 sí 1990, kó tó wá ṣe gómìnà Kwara láàárín 1999 sí 2003. Ọ̀fà náà ń kọ́? Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ọmọ ogun ojú omi wà. Bí ọmọ yín bá wọ kọ́là yẹn, tó ní òun fẹ́ di atukọ̀ bó bá dàgbà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí. Ìyàwó kan láti apá Gàá-Imam wá bá mi nígbà tí mo ṣì ń rán aṣọ. Ó na fóònù sí mi, ọmọ òyìnbó kan wà nínú rẹ̀, kọ́là rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó ní bó ṣe fẹ́ ti ọmọ òun nìyẹn: kí n fi gọ́ọ̀mù líle sí kọ́là, kí n fún ẹ̀wù náà mọ́ ọn lára, kí n fi síìpù sí ẹ̀yìn. Aṣọ tó mú wá, ọ̀rá pọ́ńbélé ni, ẹ fi iná sún mọ́ ọn, yóò yọ́. Mo ní, "Ìyàwó wa, ọmọ yìí ń lọ sí Yídì nínú oòrùn Ìlọrin o." Ó ní mi ò mọ èyí tó lòde. Ó gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn, onítọ̀hún sì ṣe é bó ṣe wí. Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí Lèmọ́mù kábára, gbogbo ọmọdé gbé ọwọ́ dé etí, ti ọmọ yìí kò kọjá àyà. Ó gbìyànjú, ẹ̀wù náà ya fàràà ní abíyá. Òógùn ti bò ó, ó ń sunkún, ìyá rẹ̀ ń bú télọ̀. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là ń wò. Fóònù ni ìyá yìí wò.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí aṣọ yìí ṣe yẹ kó rí, ìyẹn bí ẹ kò bá ti mọ ju ìyá àgbà lọ. Ẹ ra aṣọ òwú, funfun àti búlúù. Kí télọ̀ tó fi àlùmọ́gàjí kàn án, ẹ rẹ búlúù náà sómi, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni ẹ̀wù funfun yóò di aṣọ onítótòtó. Kọ́là, aṣọ ìlọ́po méjì tó fún un, ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i. Ńṣe ló yẹ kó máa fẹ́ bí atẹ́gùn bá kàn án. Kí abíyá tú. Kí ẹ̀wù gùn dé ìbàdí dáadáa, torí ọmọ á tẹ̀ ba, á dìde. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò àti etí síkẹ́ẹ̀tì, kí télọ̀ ká ìwọ̀n ìka mẹ́ta sínú. Bí ọmọ bá ga sí i, ẹ tú u, aṣọ ọdún yìí á di tọdún tó ń bọ̀. Èyí tó bá fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ wọ ọlọ́wọ́ gígùn kó sì borí, kò sí ohun tó ṣe kọ́là náà. Ìborí funfun bá a mu ju fìlà tí ó ń já bọ́ lọ.

Ẹ ó ní ti bọ́síkọ́nà dínwó. Mi ò bá yín jà, mo ti rí èyí tó dára níbẹ̀ rí, òwú gidi, tí wọ́n rán tí kò ní tú láéláé. Ẹ kàn yẹ abíyá rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ dáadáa kó tó kan ara ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rán an, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ wà káàkiri, ẹ bèèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún kí ẹ tó gbé aṣọ lọ. Télọ̀ á parọ́ fún yín, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ bí a ṣe ń pa á. Ẹ mú ọmọ náà dání kí wọ́n wọn ọ́n. Bí Iléyá bá sì dé, ẹ tètè ya fọ́tò yín nílé kí ẹ tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, torí bí ọmọ bá ti wọ pálọ̀ mi, yóò jókòó sórí ẹní, yóò fọwọ́ jẹ ẹran. Ọbẹ̀ tó bá dà sí i lára, ọṣẹ wà.